Bàbá Ìjọ Wọ Pìjámà Pupa! Ẹ Wá Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Kérésì

Ẹ dákun, ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó gbé òkèlè ẹnu rẹ̀ mì ná, torí ọ̀rọ̀ yìí lè há èèyàn lọ́fun. Ṣé ẹ mọ bàbá àgbà kan lápá Aké níbí, l'Abẹ́òkúta? Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, Bàbá Ìjọ, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín àfi lọ́jọ́ ìkórè, ẹni tó jẹ́ pé tó bá wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ọmọ àdúgbò á ti máa wá ìwé tí wọ́n máa kà? Òun gan-an ni mò ń wí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ o, torí èmi kì í ṣe olófòófó. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì tó kọjá yìí, pìjámà ni bàbá yìí wọ̀ jáde sí iwájú ilé! Pìjámà pupa fòò, tí wọ́n ya àgbọ̀nrín sí láyà, tí imú àgbọ̀nrín náà sì ń kọ mọ̀nà. Ó dé fìlà pupa gbọọrọ tó ní bọ́ọ̀lù òwú funfun lórí. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìjọ, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ irú rẹ̀. Ọmọ wọn ọkùnrin wọ irú rẹ̀, ìyàwó ọmọ náà wọ̀ ọ́, wọ́n wá gbé ọmọ ogún oṣù kan sáàárín, òun náà nínú àgbọ̀nrín, ni wọ́n bá tò sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń ya fọ́tò. Àwọn tó ń lọ sí ìsìn òwúrọ̀ ń kọjá. Wọ́n ń kí wọn. Wọ́n ń juwọ́ sí wọn!

Ẹ gbà mí o!

Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí pé kí ló kàn mí nínú aṣọ tí onílé wọ̀ nílé rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bi yín ná. Láti ọdún 1842 tí àwọn míṣọ́nárì Freeman àti Townsend ti jọ ṣe Kérésìmesì ní Àgbádárìgì, tí Townsend sì wá fi Abẹ́òkúta ṣe ibùjókòó lẹ́yìn náà, ta ló rí i rí pé Bàbá Ìjọ wọ aṣọ ìsùn jáde síta lójú mọ́mọ́? Lọ́dún 1859 tí Townsend yìí kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn jáde nílùú yìí káwọn Ẹ̀gbá lè máa rí nǹkan kà, ó dá mi lójú pé irú ìròyìn báyìí kò sí lọ́kàn rẹ̀. Aṣọ Kérésì tiwa, àdìrẹ Ìtòkú ni, tàbí áńkárá tí gbogbo ilé jọ rà, tí télọ̀ á sì fi dà wá láàmú títí di alẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún. Ṣọ́ọ̀ṣì la máa ń wọ̀ ọ́ lọ. Èwo wá ni ti àgbọ̀nrín? Àgbọ̀nrín tí a mọ̀ nílẹ̀ yìí, inú ọbẹ̀ ló ń gbé!

Ọmọ ogún oṣù yẹn ló fa gbogbo rẹ̀. Mo ti wádìí.

Lẹ́kí ni ọmọ wọn yìí ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, àwọn àti ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ọ̀nà tó gba Sángo àti Ifọ̀ wá sí Abẹ́òkúta, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí, àgàgà tó bá di oṣù Kejìlá, tí gbogbo Èkó bá ń lọ ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021 ni wọ́n wọ̀. Wọ́n wọ̀ ọ́ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, wọ́n sọ̀ ní Láderin, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè. Ẹrù tí wọ́n sọ̀ sílẹ̀ ńkọ́? Èmi rò pé ìyàwó ń bá ìjà bọ̀ láti ilé ọkọ ni. Bẹ́ẹ̀dì ọmọ tó ń ká kò. Àga gíga tí ọmọ fi ń jẹun. Páálí omi inú ike, ti ọmọ nìkan, bí ẹni pé majèlé ló wà nínú kànga wa. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ní ó máa ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́ nítorí ọyẹ́. Àti póò aláwọ̀ búlúù kan, tí ẹ máa tó gbọ́ nípa rẹ̀.

Ìyá Ìjọ ti wà ní ibùdókọ̀ láti àárọ̀, ó ti so ọ̀já mọ́ ìdí de ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bí ó ṣe na ọwọ́ báyìí, ìyàwó kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ló ti yọ ìgò kékeré kan nínú báàgì.

“Ẹ kú àtijọ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi fi èyí pa ọwọ́ yín ná, kí ẹ tó gbé e.”

Ẹ̀yin èèyàn mi! Ìyá tó bí ọkọ rẹ̀! Ọwọ́ tó ti gbẹ̀bí àdúgbò, ọwọ́ tó ń pín oúnjẹ Olúwa kiri fún àwọn aláìsàn! Ọmọbìnrin tó ń bá wọn gbélé ló wà níbẹ̀, òun ló sì ròyìn fún mi nígbà tó wá ra mágí lọ́dọ̀ mi. Ó ní màmá kò janpata. Ó fi nǹkan náà pa ọwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, “Ó ń ta sánsán,” ó sì gbọ́mọ pọ̀n. Ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ náà ló yẹ kó ba ìyàwó lẹ́rù. Ẹni tó bá mọ Ìyá Ìjọ dáadáa mọ̀ pé tó bá rẹ́rìn-ín báyẹn, ọ̀rọ̀ ti dùn ún.

Wọ́n dé ilé. Kí ni ìyàwó ṣe kó tó jókòó? Ó lẹ òfin mọ́ ara fìríìjì! Òfin tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tẹ̀, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ oríṣiríṣi. Ó lẹ̀ ẹ́ bo kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, títí kan àwòrán bíṣọ́ọ̀bù. Ọmọ kò gbọdọ̀ mu ẹlẹ́rìndòdò. Ọmọ kò gbọdọ̀ wo fóònù. Aago méje alẹ́ ni kó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹnu ko ọmọ lẹ́nu. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá ọmọ jẹ ẹran lẹ́nu. Nígbà tí màmá bi í ní ibi tó ti rí i, ó ní Àjọ Ìlera Àgbáyé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní láti 2019 ni wọ́n ti sọ ọ́ pé ọmọ tó ti pé ọdún kan, tí kò tíì pé ọdún méjì, ní láti máa sun oorun wákàtí 11 sí 14 lóòjọ́, àti pé fóònù àti tẹlifíṣọ̀n kò yẹ fún irú wọn. Ó ní lọ́dún 2023, wọ́n tún sọ pé ohun mímu tó ní ṣúgà kò gbọdọ̀ kan ẹnu wọn rárá.

Irọ́ kọ́ o. Àwọn nọ́ọ̀sì náà ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ara fìríìjì ìyá ọkọ ni ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́? Ṣé àwọn Àjọ Ìlera Àgbáyé ló ra fìríìjì ọ̀hún ni?

Ẹ má sì rò pé àwọn àgbà ló mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ dúró kí ẹ gbọ́ tiwọn!

Alẹ́ ọjọ́ kìíní yẹn gan-an, ìyàwó lọ wẹ̀. Ìyá Ìjọ yọ ẹran kan nínú ìkòkò ọbẹ̀, ó já a, ó rún un lẹ́nu dáadáa, ó fi ìka méjì yọ ọ́, ó sì kì í bọ ọmọ lẹ́nu. Ọmọ gbé e mì, ó lanu fún òmíràn. Ó tún rún un. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta ni ìyàwó jáde pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì lọ́rùn, ó bá ìka ìyá ọkọ lẹ́nu ọmọ.

“Màmá!”

“Kí ni? Ṣebí bí mo ṣe bọ́ ọkọ rẹ nìyẹn, tó fi ga tó báyìí, tí ìwọ náà fi rí i fẹ́.”

Ta ló fẹ́ fèsì sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ìyàwó wọlé lọ, ó lọ fi fóònù sọ ọ́ fún ìyá tirẹ̀. Ògiri ilé wọn kò nípọn, gbogbo rẹ̀ la gbọ́.

Ti bàbá wá burú jù ú lọ. Ọkùnrin tó na èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ní ẹgba mẹ́fà nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé rẹ̀, nítorí pé mo jẹ gúgúrú nínú kíláàsì, òun ni wọ́n bá lẹ́yìn ìlẹ̀kùn ilé ìdáná, tó lóṣòó, tó ń da móòtì sínú ìdérí ìgò, tó ń fún ọmọ mu! Ìdérí kan, ọmọ á lá a, á ní “Si!” Ìdérí kejì, “Si!” Bàbá àgbà á wo ọ̀tún wo òsì bí olè tó ń ṣọ́ onílé, á tún da òmíràn. Ó tún wá bá ọmọkùnrin mi nílé pé kó bá òun wá fíìmù àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sórí fóònù òun. Ó ní fún iṣẹ́ ìwádìí ni. Ìwádìí wo? Aago mẹ́wàá alẹ́ ni ọmọbìnrin ilé wọn bá òun àti ọmọ náà lábẹ́ kúbùsù kan ṣoṣo, fóònù ń tàn láàárín wọn, ẹlẹ́dẹ̀ ń dún, Bàbá Ìjọ ń rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́dẹ̀ ló pa á lẹ́rìn-ín! Àwa tí a ti ń bá a sìn láti ọjọ́ yìí wá, a kò rí eyín rẹ̀.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti gbè sẹ́yìn ìyàwó. Eyín ń yọ lẹ́nu ọmọ, ó ń sunkún lóru, màmá ní kí wọ́n lọ bá òun ra oògùn eyín lọ́wọ́ oníkiri kan. Ìyàwó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹni tó bá máa fún ọmọ òun ní oògùn yẹn á gba orí òkú òun kọjá. Ó tọ́. A kò tíì gbàgbé 2008, nígbà tí oògùn eyín kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin ní kẹ́míkà olóró nínú, tí ọmọ wẹ́wẹ́ 84 fi kú lórílẹ̀-èdè yìí. Màmá náà rántí. Ó dákẹ́, ó fi aṣọ tútù nu èrìgì ọmọ, ó sì gbé e jó títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ó ku ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an.

Ẹ ṣáà ti ń bi ara yín léèrè pé kí ló dé tí ọ̀gá ilé-ìwé tó le tó báyẹn fi dẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì lè so okùn bàtà. Ọmọ náà, Babátúndé ni! Bàbá tó bí bàbá àgbà yìí dàgbà, ó gbó, ó tọ́, ó kú, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n bí ọmọ ọkùnrin yìí. Wọ́n ní ó ní àmì dúdú kan létí bíi ti olóògbé. Ló bá tán. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jágbe mọ́ ọmọ nínú ilé yẹn. Ta ló máa na bàbá rẹ̀? Tí ọmọ bá da omi sórí Bíbélì, “Bàbá mi, ẹ rọra o.” Tó bá ṣí fìlà lórí àgbà, “Ẹ̀yin lẹ ni ín, ẹ máa mú un.” Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ni wọ́n ń bá a sọ! Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń wọ pámpásì! Ẹ sì rántí pé Bàbá Ìjọ yìí ló máa ń kọ́ wa ní kíláàsì Bíbélì pé kò sí òkú tó ń padà wá, pé àṣà àwọn abọ̀rìṣà ni. Mo ní ìwé tí mo kọ ọ́ sí. Ọwọ́ mi ló wà.

Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú Kérésì, wọ́n pa àgbébọ̀ kan. Ẹ mọ ẹni tó ni iwe adìyẹ nínú ilé Yorùbá. Kò sí ohun tí a fẹ́ máa jà lé lórí níbẹ̀. Bàálé ló ni ín, ìyàwó á sì ti fi í sórí oúnjẹ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bu ọbẹ̀. Èmi mọ ọkùnrin tó lé ìyàwó rẹ̀ lọ ilé òbí rẹ̀ nítorí iwe! Wọ́n gbé láfún síwájú bàbá, iwe wà lójú ọbẹ̀, ó ń dán. Ọmọ ta gẹ̀ẹ́rẹ́gẹ̀ẹ́rẹ́ dé ibẹ̀, ó na ọwọ́, ó mú iwe. Ọwọ́ òsì ló fi mú un! Ìyàwó sáré dìde. Bàbá gbé ọwọ́ sókè, ó ní:

“Fi wọ́n sílẹ̀. Ta ni èmi tí mo fẹ́ bá bàbá mi du iwe?”

Ọmọ lá iwe náà títí omi ọbẹ̀ fi kán sórí rọ́ọ̀gì. Ó jù ú sílẹ̀. Ó mú un, ó fi lé imú, ó tún lá a. Lẹ́yìn náà ló gbé e jáde sẹ́yìnkùlé, ó lọ fún àkùkọ tí wọ́n so mọ́ ìdí igi máńgòrò jẹ. Adìyẹ jẹ iwe adìyẹ! Ṣé ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀ rí?

Àkùkọ yẹn, ti Kérésì ni. Ọjà Kútọ̀ ni Ìyá Ìjọ ti rà á níbẹ̀rẹ̀ oṣù, ó ti ń fi àgbàdo bọ́ ọ, àyà rẹ̀ ti yọ gìdìgbà. Gbogbo àdúgbò la mọ̀ ọ́n. Kí n má tàn yín, èmi ti ń fojú wo itan rẹ̀ kan láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ ni kò jẹ́ ká rímú mí. Ó sọ àkùkọ lórúkọ, ó ní Kokó. Àràárọ̀ ló ń gbé búrẹ́dì lọ bá a.

Ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti póò, torí ọjọ́ kẹrìnlélógún ló ṣẹlẹ̀, èmi fúnra mi sì wà níbẹ̀. Àwa ẹgbẹ́ ìyá ìjọ tẹ̀ lé àlùfáà lọ kí wọn, bí a ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Wọ́n gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù fún wa. A ti bu ṣíbí kìíní sẹ́nu. Ìyàwó wọlé, ó gbé póò búlúù yẹn kalẹ̀ sáàárín pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi Kérésì, níwájú àlùfáà, ó bọ́ pámpásì ọmọ, ó sì gbé e jókòó lé e. Ó ní ọ̀sẹ̀ ẹ̀kọ́ póò ni wọ́n wà, pé kò gbọdọ̀ já fún ọjọ́ kan. Gbogbo ilé dákẹ́. Ọmọ ń wo wa, a ń wo ọmọ. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó di ọwọ́ mú orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Àlùfáà fi ṣíbí sílẹ̀. Nígbà tó yá, a gbọ́ ọ. Pọ̀ọ̀!

“Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!” Ìyàwó ló wí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n sì pàtẹ́wọ́! Bàbá Ìjọ pàtẹ́wọ́, ó dìde dúró pàtẹ́wọ́! Àlùfáà pàtẹ́wọ́! Obìnrin kan nínú wa, ẹni tí mo rò pé ọpọlọ rẹ̀ pé, gbé orin ọpẹ́. Ìyá Ìjọ wá gbé póò sókè, ó gbé e kiri kí gbogbo àlejò lè rí i, a gbé ìrẹsì lọ́wọ́ o! Mi ò ní ṣàpèjúwe ohun tí mo rí. Ó lójú ohun tí obìnrin iyì ń kọ sínú ìwé. Kò ju pé ẹ̀fọ́ ṣọkọ tí wọ́n fún un jẹ lánàá ṣì hàn níbẹ̀ kedere. Nígbà tí wọ́n ń tọ́ wa, ta ló pàtẹ́wọ́ fún wa? Ẹ̀yìnkùlé la jókòó sí, ajá dúró tì wá, ó tán.

Ó di òwúrọ̀ Kérésì. Ìgbà tí wọ́n ya fọ́tò tán ni ọmọkùnrin tí wọ́n ní kó wá bá wọn pa àkùkọ dé. Ọ̀bẹ ti mú. Omi ti ń hó lórí iná. Wọ́n ti gbé báàsì tí wọ́n máa fi hú ìyẹ́ kalẹ̀. Ó tẹ àkùkọ mọ́lẹ̀, ó tẹ apá rẹ̀. Àfi gìrì! Ọmọ ti já mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó sáré kọjá nínú eruku ọyẹ́, ó ṣubú, ó dìde, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì wé ọrùn àkùkọ. “Kokó! Kokó mi!” Ẹkún ta. Mo wà lórí ìjókòó tí mo gbé ti ògiri, mo rí gbogbo rẹ̀. Ọmọkùnrin ọlọ́bẹ ń wo bàbá. Ìyá Ìjọ ń wo bàbá. Èmi náà ń wo bàbá, mo ń gbàdúrà sí Ọlọ́run mi.

Bàbá gbọn eruku kúrò lára àgbọ̀nrín àyà rẹ̀.

“Gbé ọ̀bẹ yẹn pamọ́. Bàbá mi ní ká má pa á.”

Áà! Kérésìmesì láìsí adìyẹ! Ní ilé Bàbá Ìjọ! Ọmọ wọn gbé mọ́tò, ó wá adìyẹ inú yìnyín kiri ìlú, gbogbo ìsọ̀ ti tì. Ohun tó rí rà bọ̀ ni ẹja Títọ́ọ̀sì. Títọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ṣe ọbẹ̀ ọdún, Títọ́ọ̀sì ni wọ́n sì fi lé orí ìrẹsì tí wọ́n gbé kiri àdúgbò. Àlàájà tó wà lódìkejì wọn, tó gbé odidi itan àgbò fún wọn nígbà Iléyá, ìrù ẹja ló gbà! Ó ní kí wọ́n bá òun kí wọn, pé wọ́n kú ọdún. Ẹ̀kọ́ ilé wà lára obìnrin yẹn. Àwo tèmi náà dé. Mo ṣí i. Mo dé e padà. Mo tún un ṣí, bóyá ojú mi ni. Orí ẹja ń wò mí.

Ṣé ẹ rò pé ó ti tó? Kò tíì tó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, gbogbo ẹbí ti pé. Àwọn ọmọ bàbá láti Ìbàdàn dé, àwọn àbúrò rẹ̀ dé láti Ṣàgámù, àwọn ìyá àgbà méjì jókòó lórí àga tìmùtìmù. Ó dà bíi pé Ìyá Ìjọ máa ń fi oríkì ṣìkẹ́ ọkọ rẹ̀ láàárọ̀, nígbà tó bá ń fi òróró pa á lẹ́yìn. Ohun tó wà láàárín wọn nìyẹn, mi ò bi wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́ ọ. Ó jáde láti inú yàrá, ó dúró gbọingbọin sáàárín pálọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó sì ké:

“Kànní!”

Ilé pa rọ́rọ́. Nínú gbogbo ìlú yìí, ẹni tó ń pe bàbá yìí ní Àkànní ní gbangba kò sí mọ́. Bàbá tó bí i nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ tún pè é. “Kànní! Wá!” Ó ń pàṣẹ o! Bàbá Ìjọ, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, sáré dìde lórí àga, ó ṣí fìlà, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, mò ń bọ̀, sà.” Sà! Ìyá àgbà kan bú sẹ́kún, ó ní, “Ohùn rẹ̀ nìyẹn! Bó ṣe máa ń pè é nìyẹn!” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọmọ ká, wọ́n ń kì í, wọ́n ń lẹ owó mọ́ ọn lórí. Kí ni bàbá wọn wá pè é fún? Ó fẹ́ kó wá ṣe ẹṣin fún òun. Bàbá Ìjọ sì kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹlẹ̀, ọmọ gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní “Kẹ́! Kẹ́!”, wọ́n sì yí pálọ̀ po lẹ́ẹ̀mẹta. Orúnkún bàbá tó ń dùn ún tó bẹ́ẹ̀ tí kì í lè kúnlẹ̀ níbi gbígba àdúrà lọ́jọ́ Àìkú!

Ìyàwó ńkọ́? Mo wò ó. Ó ń fi fóònù ká a sílẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Òfin ara fìríìjì? Ó ti di ìgbàgbé. Ọjọ́ kejì ni òun fúnra rẹ̀ yọ ọ́. Ìyá Ìjọ fi pọ́n ẹ̀pà.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó kẹ́yìn. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ padà sí Èkó, mo sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, torí mo fẹ́ rí i bí ọmọ ṣe máa kúrò lọ́dọ̀ àkùkọ rẹ̀. Wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì kékeré jáde, wọ́n kó ẹ̀rọ ọyẹ́ jáde. Wọn kò kó póò. Mo ní, “Ìyàwó, ẹ gbàgbé nǹkan.” Ó ní àwọn kò gbàgbé, mà. Ó ní Túndé máa lo ọ̀sẹ̀ méjì sí i lọ́dọ̀ Màmá Àgbà. Ọmọ ogún oṣù! Èèyàn tó ń pa sáníítáísà sí ìyá ọkọ lọ́wọ́ ní ibùdókọ̀, òun ló ń fi ọmọ sílẹ̀ fún ẹni tó ń rún ẹran fún un! Ó ní láti ìgbà tí òun ti bímọ, àárín ọdún yìí nìkan ni òun sun oorun àsùnmọ́jú. Ṣé oorun ni ìyá ọmọ ń lé kiri? Ìyá wa bí mélòó, ta ló sùn nínú wọn?

Ọ̀sẹ̀ méjì ló wí. A ti wà nínú ọ̀sẹ̀ kẹta báyìí. Àkùkọ ti ń gun ògiri wọ ọgbà mi, ó ti tú ebè ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ mi ká, bàbá sì ní kí n ṣe sùúrù, pé ti bàbá òun ni. Lánàá, mo ṣí WhatsApp, ta ni mo rí níbẹ̀? Ìyàwó! Ó wà létí òkun pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, wọ́n jọ ń fa omi àgbọn kan náà mu, igi ìfami méjì nínú àgbọn kan ṣoṣo! Ejìká rẹ̀ wà níta. Ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ kò ṣeé kó tán. Mo mú fóònù, mo gba ẹnu ọ̀nà wọn wọlé tààrà, mo gbé e fún Ìyá Ìjọ kó fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń ṣe nígbà tí ọmọ ogún oṣù wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń sùn.

Ó wọ awò ojú. Ó wò ó dáadáa. Ó fi ìka mú àwòrán tóbi, ó tún wò ó.

“Ó ti sanra díẹ̀,” ló wí. “Fi wọ́n sílẹ̀, jàre. Bí wọ́n bá rí àyè sinmi dáadáa báyìí, kí ìkórè tó dé, èkejì á ti wà lọ́nà.”

Ẹ gbọ́ ná, ṣé irú ọ̀rọ̀ tó yẹ kí Ìyá Ìjọ máa sọ nìyẹn?